Àkàrà Ápù Tó Pa Ìyá Alágbada

Mo ti dín àkàrà kan rí tó pa èèyàn láàárọ̀, tó sì jí ẹni náà dìde kí wọ́n tó kírun Aláàsárì. Ní Ìwó ńbí ni o, kì í ṣe ìlú òkèèrè tí ẹ ò ti ní rí ẹni bi. Òkú náà dìde, ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún òun, ó mu ún, ó nu ẹnu, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí bú mi. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, òórùn epo mi gba orí Olúpọ̀nnà kọjá, ó dé Mẹ́kà, àwọn àlàájì tó wà níbẹ̀ ń bi ara wọn léèrè pé, "Ta ló ń dín nǹkan báyìí?" Ọmọ Ìwó kan tó wà láàárín wọn dáhùn pé, "Ràúfù ni. Ẹ máa bá ìjọ́sìn yín lọ."

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, tí ẹ jókòó sílé, tí ẹ ń tẹ fóònù, tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi wẹ̀yìn dáadáa, síbẹ̀ igbá mi ṣófo lórí mi, nítorí àwọn aládùúgbò ti jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ àkàrà dídín ni mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù títí ó fi funfun. Mo dín àkàrà ẹ̀wà, mo dín mọ́sà, mo dín púfù-púfù. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ mí di Bàbá Alápù káàkiri Ìwó ni àkàrà ápù, èso òyìnbó pupa roboto yẹn, tí mo ń dín láì fi ẹyin, mílíìkì tàbí bọ́tà sí i. Ní ti owó iṣẹ́, n ò ní fi àkókò yín ṣòfò: ó tó jẹ, ó tó tọ́mọ, ó sì kọ́ ilé tí kì í jò púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Bàbá mi, Àáfà Sàlámì, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú níwájú ilé wa. Ó rán mi lọ sílé ìwé òyìnbó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èmi àti tíṣà kò wọ̀, mo sì kúrò kí ó tó ráyè lé mi. Nínú kéú gan-an, wàhálà mi ni pé Ìyá Alágbada ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí mo bá pe Álífù, epo á dáhùn. Bí mo bá pe Bá, epo á tún dáhùn. Kò sí ẹni tó ń dá mi lóhùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi bá mi nídìí agbada, tí mo ń fẹ́ iná fún obìnrin náà, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ní, "Ràúfù! Mo ní kí o kọ́ kéú, o wá ń kọ́ epo?"

Ìyá Alágbada ló dá a lóhùn. Obìnrin àgbà ni, ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì máa ń jáde bí ẹni ń la igi ìdáná. "Àáfà, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó ń jí àkàrà mi jẹ lójoojúmọ́, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ṣé ọkùnrin ni yóò máa dín àkàrà?"

"Ṣé obìnrin nìkan ló ń jẹ ẹ́ ni?"

Bàbá mi wo ojú ọ̀run, ó wò mí, ó wo àkàrà tó wà nínú abọ́, ó mú ọ̀kan. Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn.

Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ mẹkáníìkì àti télọ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ìyá Ràúfù, ẹ kú ọjà o! Ẹ rọra o, ìró yín ti ń tú!" Ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń bú mi tí wọ́n fi ń jẹ àkàrà mi. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Ẹni tí yóò bá jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké.

Ẹ má rò pé ó kàn gbé agbada fún mi lọ́jọ́ tí mo dé. Ó pẹ́ kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣíbí oníhò tí a fi ń kó àkàrà jáde. Ẹ̀wà ni mo ń bó, mo ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, mo ń pò ó. Ọwọ́ ni a fi ń pò ó. Ó ní ọmọrogùn kò mọ ohun tó ń ṣe. Bí mo bá pò ó títí apá mi fi ń ro mí, ó máa ní kí n kán díẹ̀ sínú omi.

"Ó léfòó?"

"Ó rì, Ìyá."

"Ìwọ náà á rì. Pò ó."

Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo pò ó débi pé nígbà tí mo ṣíjú kúrò, ẹ̀wà gbéra nínú abọ́, ó ń fò lọ sọ́nà Kúta, àwọn ẹyẹ lékèélékèé sì ń tẹ̀ lé e bí ẹní rí ọ̀gá wọn. Bí ẹ bá dé Kúta, ẹ béèrè. Wọ́n á ní àwọn ò rí i, nítorí wọ́n ti jẹ ẹ́.

Èyí tó le jù ni ti epo. Etí ni obìnrin náà fi ń wo epo. Ó lè wà nínú yàrá, kí ó máa wé gèlè, kí ó pariwo láti ibẹ̀ pé, "Ràúfù! Epo yẹn ò tíì sọ̀rọ̀! Ta ló ní kí o da nǹkan sí i?"

"Ìyá, ó ti gbóná."

"Mo mọ̀ pé ó gbóná. Mo ní kò tíì sọ̀rọ̀!"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Ìgbà tí mo ti sun àkàrà tó lè kún ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó sì ti fi ẹ̀yìn ṣíbí kan mí lórí léraléra, ni mo tó gbọ́ ohùn náà. Epo tútù kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Èyí tó gbóná jù máa ń gbó bí ajá. Èyí tó tó dín, bí o bá kán nǹkan sí i, ohùn rẹ̀ dà bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè lórí páànù. Òjò tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìgbà yẹn ni kí o dà á sí i.

Ó tún ní òfin kan: ohun tó bá wá lára ẹranko tàbí ẹyẹ kò gbọdọ̀ wọ epo òun. Mo bi í léèrè rí ìdí tí a kò fi lè fọ́ ẹyin sí mọ́sà kí ó lè wú.

Ó ní, "Ṣé àkàrà mọ ẹnu tí yóò wọ̀ ni? Èyí ń lọ sí sàráà, èyí ń lọ sílé ìkómọ. Èyí ń lọ sílé ẹni tí ẹyin jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, èyí ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí wàrà ń mú ara rẹ̀ wú. Ṣé kí n máa tẹ̀ lé wọn délé, kí n máa bi wọ́n ni? Ohun tí mo bá dín, ẹnu gbogbo ló gbọ́dọ̀ gbà á."

Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gba fíríìdọ́ọ̀mù. Àwọn mẹkáníìkì gbà, àwọn télọ̀ gbà, ọ̀gá wọn gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ó ṣàdúà, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Èmi ṣì ń pò ẹ̀wà. Ẹ sì mọ bí nǹkan ṣe rí níhìn-ín: ẹni tó kọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò ṣàdúà fún, bó bá dá tirẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á ní ó sá lọ ni. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìyá Alágbada ní ọmọ-ọmọ kan, Sàfú, tó ń gbé àkàrà lọ tà lọ́jà Odò-Ọ̀rì. Ojú mi wà lára rẹ̀. Mo ti yọ́ sọ fún un rí, ó ní, "Èmi kì í fẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Gba fíríìdọ́ọ̀mù ná, ká tó mọ̀ bóyá o lójú tó ṣeé wò."

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Alágbada. Ó jẹ́ kí n wà nílẹ̀ títí ó fi kó àkàrà inú epo tán. Ó ní, "Ohun tí mo kọ́ ọ, tèmi ni. Lọ dín ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, má rú òfin mi, kí àdúgbò sì jẹ ẹ́ kí wọ́n yìn ín. Ìgbà yẹn ni kí o wá dọ̀bálẹ̀."

Ápù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìwó nígbà náà. Ìyá kan tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ kó o wá sọ́jà, ó tò ó sórí àtẹ, àwọn èèyàn dúró yí i ká, wọ́n ń bi í bóyá sísè ni tàbí sísun. Sàfú mú ọ̀kan tó ti fara gbọgbẹ́ wálé. Mo bù ú jẹ, ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó ń rún wómúwómú lẹ́nu. Mo ní, ìwọ yìí, o máa wọ epo.

Mo gé e, mo pò fúláwà, mo rì í bọ inú rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú epo. Epo bínú! Omi wà nínú ápù, omi àti epo kì í sì í gbé ilé kan. Ó ta sí mi láyà, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Nígbà tí mo fi máa wò ó, fúláwà ti bọ́ kúrò lára ápù, ó ń léfòó lọ lọ́tọ̀.

Sàfú ní, "O bọ́ ọ láṣọ, o tún fẹ́ tà á níhòòhò."

Mo tún gbìyànjú, ó tún bọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìyà, mo rí i pé bí mo bá fi aṣọ mímọ́ gbẹ omi ara ápù, tí mo sì fi fúláwà gbígbẹ ra á lára kí n tó rì í bọ èyí tí mo pò, ó máa ń dì mọ́ ọn. Dípò ẹyin, mo tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù mọ́ fúláwà náà. Dípò wàrà, mo fún omi àgbọn. Kí ó lè wú, mo bu omikan sí i, omi kíkan tó ń dá lórí ògì, mo sì dé e mọ́lẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí hó fúnra rẹ̀. Mo gún kànáfùrù díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí ó bọ́ sí i, Sàfú jẹ ẹ́, kò sọ nǹkan kan. Kí Sàfú má sọ nǹkan kan! Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà gbé Ìyá Alágbada dè. Kò lè jáde, kò lè jẹun, àwọn èèyàn ń wá kí i, wọ́n ń jáde pẹ̀lú orí sísọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ rẹ̀: mo ń bẹ̀rù fún un, mo sì ń bẹ̀rù fún ara mi. Bó bá lọ láì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ta ló tún lè fún mi ní àdúà yẹn? Mo wọlé lọ bá a.

"Ìyá, mo ti rí ohun tí ẹ ní kí n wá. Ápù ni."

"Ẹyin wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Ìyá."

"Wàrà?"

"Kò sí."

"Dín in. Gbé e yí àdúgbò ká, kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fowó rà á yóò yìn ín kí owó má baà dùn ún." Ó kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ èyí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí àgbàlagbà bá kú nígbà náà, ilé rẹ̀ á dín àkàrà, wọ́n á gbé e láti ojúlé dé ojúlé, wọn ò ní gbowó. Kò sí pé ẹnì kan ń pariwo. O rí àkàrà ọ̀fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ lásán, o mọ ilé tó ti wá, o mọ àgbà tó ń ṣàìsàn níbẹ̀, ó parí. O jẹ ẹ́, o ṣàdúà fún òkú. Gbogbo ọmọ Ìwó ló mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n fíríìdọ́ọ̀mù ti kún orí mi, kò sí àyè fún nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo da àkàrà ápù sínú igbá, mo gbé e, mo jáde.

Bàbá onígbàjámọ̀ ni mo kọ́kọ́ bá. Ó wo igbá, ó wo ilé tí mo ti jáde, ó ṣí fìlà. Ó mú ọ̀kan, ó ní, "Ọlọ́run ló ni gbogbo wa."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣé ó dùn?"

Ó wò mí bí ẹni tí wèrè kọ lù.

Mo dé ilé kejì. Ìyá ilé náà gé e jẹ, omijé bẹ̀rẹ̀ sí dà lójú rẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, Ràúfù, o ti ṣe é, ó dùn débi ẹkún! Mo fi òmíràn kún un fún un. Ẹkún rẹ̀ pọ̀ sí i. Inú mi dùn!

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo sọdá títì lọ bá Ìyá Olójòjò. Obìnrin yìí ń fi ewùrà dín òjòjò ní òdìkejì wa, òun àti ọ̀gá mi sì ti bá ara wọn jà nítorí ibi tó ní ibòji, kò sì sí "ẹ káàárọ̀" láàárín wọn láti ọdún gbọọrọ. Ìyá Alágbada ní òjòjò rẹ̀ dà bí kànrìnkàn. Òun náà ní àkàrà Ìyá Alágbada ṣeé fi ta ẹyẹ lókùúta. Mo ní bí ọ̀tá bá jẹ ẹ́ tó yìn ín, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àkàrà náà. Kò jẹ ẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èéfín ń rú lórí epo rẹ̀, kò bojú wo ibẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀ pé a ti borí òun ni. Mo ń fi orin sẹ́nu lọ sílé.

N ò tíì sọ igbá kalẹ̀ tí Sàfú fi sáré ti ọjà bọ̀, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, ó ń ké pé, "Yéè, ìyá àgbà mi o!"

Mo ní, "Sàfú, ṣé wọ́n ti fún ọ ní díẹ̀ tọ́ wò lọ́jà?"

Ó gbá mi létí. Mo ń gbọ́ ohùn epo nínú etí náà fún ìgbà pípẹ́.

Kí n tó béèrè ohun tí mo ṣe, bàbá mi ti wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun àti káńfọ̀, àwọn àáfà tẹ̀ lé e, àwọn ẹbí dé láti Olúpọ̀nnà. Ìròyìn òkú yára ju mọ́tò lọ. Àbúrò Ìyá Alágbada wọlé láti Kúta pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Ọkọ́ yẹn ni mo rí tí ojú mi fi là. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ́ gbẹ́? Mo wo ọkọ́, mo wo aṣọ funfun, mo wo igbá àkàrà lọ́wọ́ mi.

Kí n tó lanu, ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ìyá Alágbada dúró síbẹ̀, ó fi aṣọ bora, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Kí ni gbogbo ariwo yìí? Ta ló kú?"

Bàbá mi ní, "Aúsùbílàhi!" Aṣọ funfun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ti sá dé ẹ̀yìnkùlé.

Ó tún bi wọ́n, "Mo ní ta ló kú?"

Àbúrò rẹ̀ ló dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wọn na ọwọ́ sí igbá tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ẹ bu omi fún mi." Ó mu ún, ó nu ẹnu. "Ràúfù. O gbé àkàrà ọ̀fẹ́ kiri láàárọ̀, èmi sì wà lórí àìsàn?"

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e kiri."

"O ò wá lè sọ fún wọn pé mo ṣì ń mí?"

"Wọn ò bi mí, Ìyá."

Èébú tó bọ́ sórí mi lọ́jọ́ yẹn, n ò lè kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Ó ní ọpọlọ mi dà bí èèpo ẹ̀wà, omi ló ń gbé e lọ. Ó bú mi títí ohùn rẹ̀ fi ń ya. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àpótí, ó wo àwọn tó kún inú ilé. Ó ní, "Ẹ má tíì lọ. Ẹni tó bá gbé ẹkún wá, kó sun ún lójú mi. Mo fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe rí."

Àbúrò rẹ̀ ní, "Ọkọ́ tí mo gbé wá ńkọ́?"

"Fi kọ ebè sẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ gbin ewúro."

Ìgbà náà ló rí Ìyá Olójòjò lẹ́nu ọ̀nà. Àkàrà tí mo fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti tutù.

"Ìwọ náà wá?"

"Mo wá."

"Ta ló wà nídìí epo rẹ?"

"Kò sí. Ó ti jóná."

Ìyá Alágbada sún lórí àpótí, ó ní, "Wá jókòó."

Ọ̀rọ̀ wá kan èmi. Àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n lé mi lọ láì ṣàdúà, pé ẹni tó pa ọ̀gá rẹ̀ lóòyẹ̀, kí ló tún kù tí kò lè ṣe? Àwọn ẹbí ń mi orí. Bàbá mi gan-an kò lè gbà mí sílẹ̀, ojú ń tì í. Sàfú ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé ń lọ níṣojú mi.

Ìyá Alágbada ní, "Kí ló wà nínú igbá yẹn?"

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo ti pín in tán.

"Dín òmíràn. Níbí. Lójú gbogbo wọn."

Mo gbé agbada kaná. Mo gé ápù, mo gbẹ ẹ́, mo fi fúláwà gbígbẹ ra á. Nígbà tí epo bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, mo di ojú, mo kán fúláwà sí i. Kò sọ̀rọ̀. Mo dúró. Àbúrò rẹ̀ ní, "Kí ló ń dúró dè?" Ìyá Alágbada ní, "Dákẹ́." Mo tún kán an sí i. Mo gbọ́ òjò náà lókèèrè lórí páànù. Mo wá sọ ápù sí i.

Mo gbé e fún un lórí ewé. Ó bù ú jẹ, ó rọra ń jẹ ẹ́, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ràúfù, o mọ̀ ọ́n dín jù mí lọ." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúà fún mi níwájú gbogbo àwọn tó wá sin ín, àwọn àáfà tó wá kírun sí i lára ló ṣe àmín. Ta ló tún ní irú fíríìdọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ní Ìwó? Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni àwọn ẹgbẹ́ mi fi ṣe tiwọn. Ìsìnkú ni mo fi ṣe tèmi.

Sàfú ní ẹni tí òun ti gbá létí lójú gbogbo ayé, òun ò lè fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí mo ṣe níyàwó nìyẹn. Ìyá Alágbada pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ó máa ń ránṣẹ́ sí àdúgbò pé, "Ẹ má jẹ àkàrà Ràúfù títí ẹ ó fi wá wo ojú mi." Lọ́jọ́ tí ó lọ lóòótọ́, mo dín àkàrà rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo gbé e kiri, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ìgbà tí wọ́n rí ojú mi ni wọ́n tó gbà á.

Mo ti rí oríṣiríṣi irinṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lórí igi ìdáná, mo bọ́ sórí sítóòfù oníkẹrosíìnì. N ò fẹ́ràn sítóòfù yẹn rárá: ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn epo, mo sun ọjà púpọ̀ kí n tó mọ bí mo ṣe ń tẹ́tí gba abẹ́ rẹ̀. Ọlọ lọ, ẹ̀rọ ìlọta dé. Gáàsì dé, ó sì dákẹ́ bí ọmọlúàbí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Nígbà tí yunifásítì dé sí ìlú wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gun kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọbìnrin kan ní, "Bàbá, èmi kì í jẹ ohunkóhun tó wá lára ẹranko. Ṣé mo lè jẹ tiyín?" Mo ní, "Ọmọ mi, Ìyá Alágbada ti ń retí rẹ láti ọjọ́ pípẹ́." Ó jẹ ẹ́, ó lọ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi gbé ẹ̀rọ kan wá, ó ní afẹ́fẹ́ gbígbóná ló fi ń dín nǹkan, kò nílò epo. Mo tẹ́tí sí i títí. Kò bá mi sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tó fẹ́ dín in nílé, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ wá ápù tó ṣì le díẹ̀, èyí tó ti rọ̀ jù máa ń di ẹ̀kọ nínú epo. Ẹ yọ inú rẹ̀, ẹ gé e róbótó róbótó, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi fúláwà gbígbẹ ra á. Bí ẹ ò bá rí omikan, yíìsì náà ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ kó sinmi. Kí fúláwà tí ẹ pò, tí ẹ máa rì í bọ, ki ju ògì lọ, kó má ki tó ẹ̀kọ tútù. Ẹ má kó o sínú epo pọ̀, wọ́n á bá ara wọn jà. Ṣúgà, ìgbà tí ẹ bá kó o jáde ni kí ẹ wọ́n ọn, torí èyí tó bá wọ epo á jóná. Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ pa rédíò, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ gbọ́ epo.

Ẹ̀yìn mi ò gba ìjókòó nídìí iná mọ́, mo ti gbé agbada fún àwọn ọmọ mi. Ìgbà ààwẹ̀ nìkan ni mo ń dín díẹ̀ fún ìṣínu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi tó mú àkàrà kan dípò kó nà mí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín, tí ọ̀gá rẹ̀ sì le, kó má tètè sá.

Sàfú ti ka ohun tí mo kọ yìí. Ó ní òun gba ti ẹ̀wà tó fò, òun gba ti Mẹ́kà, nítorí kò sẹ́ni tí yóò gbà á gbọ́ tí yóò fi ṣe é léṣe. Ó ní ibì kan wà tí òun ò gbà, nítorí wọ́n lè gba ibẹ̀ gbọ́. Ó tọ̀nà. Ìyá Alágbada kò sọ pé mo mọ̀ ọ́n dín ju òun lọ. Èmi ni mo fi í sí i lẹ́nu. Ó bù ú jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibà ti mú ẹnu rẹ̀ korò, kò mọ adùn nǹkan kan. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wa. Ó wá na èyí tó kù sí Ìyá Olójòjò, ó ní, "Bá mi tọ́ ọ wò. Ohun tí o bá sọ, òun ni mo sọ." Obìnrin tí mo máa bá du oníbàárà lọ́jọ́ kejì nìyẹn, epo rẹ̀ ti jóná nítorí mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì nílò láti fi pa mí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó ní, "Ṣàdúà fún un."